Sáfà ilé mi ń jẹ iná jù

Ìyá Àdùnní: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni mo sọ di sáfà tí mo ń kó fọ́tò àti fídíò àwọn ọmọ mi sí. Dísìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Mítà tí mo kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ka wáàtì 70, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò ó. Ìyẹn tó kílówáàtì-wákàtí 50 lóṣù! Mi ò sì fẹ́ pa á. Ibẹ̀ nìkan ni fọ́tò ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi wà.

Fìtílà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé káàdì gíráfíìkì, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, wà nínú rẹ̀? Bí ṣípù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín bá ti ní gíráfíìkì tirẹ̀ nínú, ẹ yọ káàdì náà.

Ọ̀gá Wáyà: Dísìkì ńlá tó ń yí lè jẹ tó wáàtì 5 láìṣe nǹkan kan. Bí dísìkì ńlá kan bá lè gba ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kó wọn pọ̀. Ẹ tún lè fi hdparm, ètò kan lórí Linux tó ń darí dísìkì, mú wọn sùn bí ẹnikẹ́ni ò bá lò wọ́n fúngbà díẹ̀, àmọ́ ẹ má fi àkókò yẹn sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo òru ni mò ń gbọ́ tó ń jí, tó ń sùn. Jíjí lemọ́lemọ́ ń mú kí dísìkì tètè gbó. Ìdajì wákàtí dára. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò yẹn síbòmíràn.

Ìyá Àdùnní: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe ẹ̀dà méjì. Káàdì gíráfíìkì wà níbẹ̀ lóòótọ́, eruku ti bò ó. Mo yọ ọ́: wáàtì 51 ni mítà ń kà báyìí.