Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà eyín ní UK: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Tómi, Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Tómi ti wà ní Year 12, Chemistry, Biology àti Maths ló ń ṣe. Dókítà eyín ló lóun fẹ́ ṣe. Físà Skilled Worker la wà lórí ẹ̀. Kí ló yẹ ká ti mọ̀ báyìí?

Dókítà Eyín, Birmingham: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Nǹkan méjì ni kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. UCAT, ìdánwò ìgbaniwọlé fáwọn tó fẹ́ ṣe dókítà, kọ́kọ́ ni: ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún, láàárín July sí September, kó tó fi orúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì. Láti 2025 wọ́n ti yọ apá tí wọ́n ń pè ní Abstract Reasoning kúrò, nítorí náà ìwé ìdánrawò àlòkù tó ti pẹ́ á máa kọ́ ọ ní ohun tí wọn ò bi mọ́. 900 sí 2700 ni máàkì rẹ̀. Situational Judgement, apá tó ń wo ìwà lẹ́nu iṣẹ́, ní band tiẹ̀, 1 ló dáa jù, 4 ló gbẹ̀yìn. Ìkejì ni UCAS, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún yunifásítì: October 15, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tì í. Ti January táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ kò kàn án. Nínú àyè márùn-ún, mẹ́rin péré ló lè fi gba BDS, oyè dókítà eyín. Ẹ má fi ìkarùn-ún ṣòfò.

Bàbá Ìbejì, Kent: Ìyá Tómi, ọ̀rọ̀ físà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. Skilled Worker nìkan kì í sọ ọmọ di home student, ẹni tó ń san owó ọmọ ilé. Ní England, bó bá ti ní ILR, ìwé àṣẹ ìgbélé títí láé, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọdún ẹ̀kọ́, tó sì ti gbé ibí fọ́dún mẹ́ta ṣáájú, ó yege. Bí ILR ò bá tíì jáde, tí físà rẹ̀ ṣì múlẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe pẹ́ tó níbí: ọdún méje bí kò bá tíì pé 18, ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ bó bá ti pé. Owó nìkan sì kọ́ o, àyè táwọn ilé ẹ̀kọ́ ń fún ọmọ òkèèrè nínú BDS kéré jọjọ. Ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì admissions, kẹ́ ẹ gba èsì lákọsílẹ̀. Ẹni tó bá yege, NHS Bursary ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún karùn-ún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àǹtí Hygienist, Cardiff: Àyè karùn-ún yẹn, ẹ fi gba Dental Hygiene and Therapy, ọdún mẹ́ta ni. Therapist ń dí eyín, ó ń yọ eyín ọmọdé, ó ń ha ìdọ̀tí tó ti di òkúta lábẹ́ erìgì. Kò lè yọ eyín àgbà, kò sì lè ṣe root canal, ìtọ́jú inú gbòǹgbò eyín, fún un. Láti 2013 ni aláìsàn ti lè wá bá a tààrà. Àwọn ará wa ń pè é níṣẹ́ kékeré, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí ìyẹn, GDC kan náà, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ eyín, ló ń fi orúkọ gbogbo wa sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ hepatitis B náà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mẹ́ta ni, oṣù mẹ́fà lè kọjá kó tó parí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó mú. Ọmọ tí kò tíì parí ẹ̀ kò ní fọwọ́ kan ẹnu aláìsàn.

Kúnlé, Luton: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó ti gba BDS nílé ńkọ́? Wọ́n ní èèyàn lè kọ́kọ́ ṣe therapist ná.

Dókítà Eyín, Birmingham: Ọ̀nà yẹn ti dí láti March 8, 2023. ORE tàbí LDS, ìdánwò fáwọn dókítà eyín tó kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Fún ORE, 7.0 nínú IELTS Academic, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka kankan ò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 6.5 lọ. Ìwé ẹ̀rí wákàtí 1,600 tẹ́ ẹ fi tọ́jú aláìsàn, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Part 2 ORE ni ọwọ́ ti ń tú àṣírí ara rẹ̀, lórí ère orí. Eyín ẹ̀yìn lókè, inú dígí lẹ ti máa wò ó: ọwọ́ ń lọ síwájú, dígí ní ó ń padà bọ̀, omi sì ń bo dígí. Bí ìka kan ò bá fara ti eyín ẹ̀gbẹ́, drill á yọ̀, á sì gé eyín tí kò ṣẹ̀.

Ìyá Tómi, Leeds: Ẹ ṣé o. Kí ni wọ́n ń bi wọ́n ní interview?

Àǹtí Hygienist, Cardiff: Ìdènà ni kó gbájú mọ́. Ní England, eyín jíjẹrà ló ń gbé ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án dé ọsibítù jù. Kó má kàn sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Bakitéríà ló ń jẹ ṣúgà, á sọ ọ́ di ásíìdì. Bí pH, òṣùwọ̀n ásíìdì, bá ti wálẹ̀ ju 5.5 lọ, ara eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò. Itọ́ ló ń tún un ṣe, àmọ́ ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìgò mọ́ọ̀tì kan tí ọmọ gbé mu tán lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ìgò kan náà tó ń fà díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, itọ́ ò ráyè ṣiṣẹ́ rárá.

Ọṣẹ ìfọyín: 1,350 sí 1,500 ppm fluoride. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, 1,000 ó kéré tán, kẹ́ ẹ kàn fi ra búrọ́ọ̀ṣì lórí. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, bí hóró ẹ̀wà kan. Bó bá fọ̀ tán kó tutọ́ dànù, kó má fi omi yọ ẹnu! Ibẹ̀ la ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù, torí fluoride náà lẹ ń ṣàn lọ.

Bàbá Ìbejì, Kent: Pákò wa ńkọ́?

Àǹtí Hygienist, Cardiff: Ó ń fọ iwájú dáadáa, sà. Ẹ wá fi gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, lẹ́yìn eyín ìsàlẹ̀. Kò débẹ̀. Ẹ máa rún un lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn.

Ìyá Ayọ̀, Hull: Fluoride tí wọ́n ń kùn sí eyín ọmọ, ṣé ọmọ tó ní asthma lè gbà á?

Dókítà Eyín, Birmingham: Ọ̀pọ̀ lè gbà á, mà. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ NHS. Àmọ́ bí asthma bá ti dá ọmọ dúró sí ọsibítù rí, tàbí plásítà ń bó o lára, ẹ sọ kí wọ́n tó ṣí i: colophony, oje igi kan, wà nínú èyí tí wọ́n ń lò jù. Ọmọ tó bá jẹ́ SS náà, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó dárúkọ oorun ọsibítù fún yíyọ eyín.