Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà nígbà tí físà akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ òbí, ṣé sítísìn ni?

Bàbá Ìkókó, Houston
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé o. Ìyàwó mi lóyún oṣù 7, físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, èmi náà físà ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wà níbí, kò sẹ́ni tó ní gríìn káàdì nínú àwa méjèèjì. Látìgbà tí kóòtù tó ga jù ti gbà lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá 2025 pé àwọn máa gbọ́ ẹjọ́ àṣẹ tí Trump pa yẹn, pé ọmọ irú wa tí wọ́n bá bí síbí ò ní jẹ́ sítísìn mọ́, oorun ò kun ojú wa mọ́. Lálẹ́ àná ó ń ká aṣọ ọmọ létí bẹ́ẹ̀dì, ó kàn dá ọwọ́ dúró, ó ní pásípọ́ọ̀tù wo la máa wá gbà fún un? Mi ò rí èsì fún un. Texas ò sì sí lára ìpínlẹ̀ 22 tó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ òfin kó là wá lóye.

Ìyá Lọ́yà, Maryland
A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Títí di oṣù Kejìlá 2025, àṣẹ yẹn ò tíì ṣiṣẹ́ níbì kankan, títí kan Texas. Lóòótọ́ ní 27 oṣù Kẹfà 2025 kóòtù tó ga jù, 6 sí 3, sọ pé adájọ́ kékeré ò gbọ́dọ̀ máa fi ẹjọ́ ẹni díẹ̀ so ìjọba lọ́wọ́ jákèjádò ilẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà wá. Ṣùgbọ́n wọn ò ti ilẹ̀kùn class action pa, ìyẹn ẹjọ́ tí ẹni díẹ̀ pè lórúkọ gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, nígbà tó máa di 10 oṣù Keje adájọ́ kan ní New Hampshire ti fi ìyẹn dá àṣẹ náà dúró fún gbogbo ọmọ tọ́rọ̀ náà kàn tí wọ́n bí láti 20 oṣù Kejì 2025. Ọmọ yín náà á wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta
Mi ò kọ ti ọmọ yẹn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ Àtúnṣe 14 sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, ti ọdún 1868, ní ẹni tí wọ́n bí síbí "tó sì wà lábẹ́ àṣẹ" Amẹ́ríkà ni sítísìn. Tí gbólóhùn yẹn ò bá níṣẹ́, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Òbí Wong Kim Ark, ọmọ àwọn ará Ṣáínà tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí ẹjọ́ ẹ̀, ìdájọ́ yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé wọ́n ti fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé. Ẹni tó wá kàwé ọdún 2 ńkọ́?

Ìyá Lọ́yà, Maryland
Ìbéèrè gidi ni, ibẹ̀ náà ni àwọn lọ́yà ìjọba dúró lé. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ bàbá yìí dúró lójú títì Houston pé ó sáré jù, ṣé á ní òun ò sí lábẹ́ òfin wọn? Á sanwó ìtanràn ni. Àwọn bí ọmọ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀rọ̀ yẹn yọ sílẹ̀, torí wọn ò lè mú aṣojú. Wong Kim Ark, San Francisco ni wọ́n bí i sí, ó lọ kí àwọn èèyàn ẹ̀ ní Ṣáínà, nígbà tó padà dé ní 1895 wọ́n ní kì í ṣe sítísìn, wọ́n tì í mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń wo ìlú tí wọ́n bí i sí lọ́ọ̀ọ́kán. Ní 1898 kóòtù dá a láre. Ẹ sì má gbàgbé ìdí tí wọ́n fi kọ Àtúnṣe 14: ní 1857 kóòtù kan náà ti sọ fún Dred Scott, ẹrú tó pẹjọ́ kó lè gba òmìnira, pé àwa aláwọ̀ dúdú ò lè jẹ́ sítísìn, wọn ì báà bí wa síbẹ̀. Ogun abẹ́lé ló jà kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé òfin, kó má bàa sí olórí kankan tó máa jókòó máa ṣa ọmọ tó wù ú. Èmi ò lè fojú kékeré wo ìyẹn láéláé.

Àdùkẹ́, London
Ní Britain níbí, wọ́n ti yí òfin pé ẹni tí wọ́n bá bí síbí di sítísìn padà tipẹ́, láti 1 oṣù Kìíní 1983. Kemi Badenoch, olóṣèlú ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Wimbledon ní 1980 jẹ nínú òfin àtijọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ló jókòó ṣe é, kì í ṣe ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí. Bàbá Ìkókó, ìwé òfin Nàìjíríà 1999, abala 25, ti sọ ọmọ yín di ọmọ Nàìjíríà látọ̀dọ̀ ẹ̀yin òbí, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Kò ní wà láìnílùú.

Bàbá Ìkókó, Houston
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní kí n kọ́kọ́ béèrè, tó bá bímọ tán, ìwé wo la máa kọ́kọ́ gbà?

Ìyá Lọ́yà, Maryland
Ìwé ẹ̀rí ìbí. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ béèrè pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró de ìdájọ́. Kẹ́ ẹ sì rí lọ́yà tó wà ní Texas níbẹ̀ kó tó bí o.