Àmì-ẹyẹ àbí àmì ẹ̀yẹ?

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Agoiro tí àwọn ará Galicia ní ilẹ̀ Sípéènì fi ń pe àmì ohun tó ń bọ̀ (agouro ni àwọn Potogí sábà máa ń wí), ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa túmọ̀ ẹ̀ sí "àmì-ẹyẹ". Wọ́n ní augurium ti èdè Látìn ló bí i, pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa wo bí ẹyẹ ṣe ń fò kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohun ńlá, àti pé avis, ẹyẹ, ló fara pamọ́ sínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, n ò gbà.

Ẹ tiẹ̀ pè é síta ná. Ẹyẹ: re re. Ẹ̀yẹ: dò re. Ta ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú wa? Òwìwí á ké lórí òrùlé onílé, ẹ ó kọ "ami eye" ránṣẹ́ sí i, àwọn ẹbí ẹ̀ á máa kí i kú oríire!

Ẹyẹ yẹn gan-an, àwọn ará Róòmù ló ń wá a sínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní ní augēre, "mú pọ̀ sí i", ni gbòǹgbò ẹ̀, ibi kan náà tí Augustus, orúkọ oyè olú-ọba Róòmù, ti jáde. Ẹ wo Augustus yẹn: ó di agosto, oṣù kẹjọ, ní Galicia, u àkọ́kọ́ jábọ́ torí u mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni augurium di agurium, i ìdí ẹ̀ wá fo r kọjá síwájú, ó di agoiro. Bí odò Durius ṣe di Doiro, Douro, náà nìyẹn.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sì burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Augurium yìí náà ló di heur lẹ́nu àwọn Faransé, tó wà nínú bonheur àti malheur, ire àti ibi. Ẹnu àwọn Potogí ló ti kan. Bí wọ́n bá ti ní agouro lásán, ibi ni. Wọ́n tún ní agourar, kéèyàn máa sọ ibi sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. "Má fẹnu fa ibi" tiwa ńkọ́? Kí ló ṣe é?

Ní Brazil, rasga-mortalha ni wọ́n ń pe irú òwìwí kan, afaṣọ-òkú-ya, torí igbe ẹ̀ dà bí aṣọ tó ń ya. Ìyá bàbá mi kò gbọ́ Potogí rí. Tí òwìwí bá ké lóru, wọ́n á dìde jókòó lórí ẹní, wọ́n á so ìró wọn le, wọ́n á ní "Àjẹ́ ké lánàá..." Wọn kì í parí ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń ka orí àwa ọmọ.

"Àmì ibi" ni kí a túmọ̀ agoiro sí, ó tó mi.

Ní ti ẹni tó ń jà látàná pé ọ̀wàwà ni ẹyẹ òru tí à ń wí: ọ̀wàwà kì í ṣe ẹyẹ, ẹranko orí igi ni. Ẹ bi ọdẹ kan ní ìlú yín.