Wọ́n ta fírísà tòkúnbọ̀ fún mi ní iye owó fírísà tuntun: ṣé LASCOPA, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó, lè dá sí i?

Ẹlẹ́ja Agége:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹja yínyín ni mò ń tà. Oṣù tó kọjá ni mo fi èésú tí mo kó ra fírísà, ₦420,000. Ọlọ́jà búra pé tuntun ni, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún, inú rẹ̀ ń gbóná bí ààrò. Páálí kòté méjì àti Titus kan ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó wá tú u ní wọ́n ti pààrọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ rí, ọ̀dà ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Mo padà lọ bá ọ̀gá náà, ó na ìka sí ìsàlẹ̀ rísíìtì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Ta ló ń ka ìsàlẹ̀ rísíìtì nígbà tí awakọ̀ ń fọn fèrè síni létí? Ṣé kí n gba Aláúsá lọ ni, àbí kí n fi ọlọ́pàá mú un?

Bọ̀dá Kóòtù:
Ẹ má fi ọlọ́pàá mú un o, mà. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ kàrákátà lásán. Ẹ ó kàn náwó mọ́ owó ni.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀jọ́dú:
Ẹ lọ sí LASCOPA, mà. Jẹnẹrétọ̀ ló gbé tèmi débẹ̀. Ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn, ẹ so ẹ̀dà rísíìtì mọ́ ọn. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ọlọ́jà, ẹ ó jọ jókòó. Wọn kì í ṣe adájọ́, ìlàjà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìkọ̀wé ìsàlẹ̀ rísíìtì yẹn ò lè jẹ ẹ̀tọ́ yín mọ́lẹ̀. Òfin FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ti ọdún 2018 ní ẹni tó bá ń ta àlòkù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ọjà kí oníbàárà rí i. Owó ẹja náà, ẹ kọ ọ́ síwèé, kí wọ́n tó sọ pé ẹ ò dárúkọ rẹ̀.

Bọ̀dá Kóòtù:
Kẹ́nikẹ́ni má tún tú fírísà náà o! Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹni tó tú u sì kọ ohun tó rí, kó buwọ́ lù ú.

Ẹlẹ́ja Agége:
Ẹ ṣeun, ọmọ mi ti ń ya fọ́tò. Àmọ́ òórùn ẹja ṣì wà nínú rẹ̀ o, àwọn ará ilé ti ń pariwo. Ṣé mo lè fọ̀ ọ́, àbí ẹ̀rí nìyẹn náà?

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀jọ́dú:
Ẹ fọ̀ ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́.