Processor Ryzen 5 5600G àbí Core i5-12400: èwo ni kí n rà fún iṣẹ́ fídíò?

Oníkámẹ́rà Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni mò ń yà n'Ìbàdàn, Premiere Pro, ètò tí wọ́n fi ń gé fídíò, ni mo fi ń gé wọn. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì tuntun, ṣùgbọ́n owó káàdì gíráfíìsì ò tíì sí, ó lè di ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn ni mo fi yọ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600 àti 5600X kúrò, torí wọn ò lè gbé àwòrán sójú skíríìnì láìsí káàdì. Ó wá ku 5600G àti i5-12400. Kọ́ọ̀ (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) mẹ́fà, thread (iṣẹ́ tó lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) 12, eré 4.4 GHz, iná 65W: bákan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń tà á ní kí n ṣáà mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ọkàn mi ò balẹ̀. Sony a7 IV ni kámẹ́rà mi, 4:2:2 10-bit, ìyẹn ọ̀nà ìgbàsílẹ̀ tó ń pa àwọ̀ púpọ̀ mọ́, ni mo fi ń yà á kí àwọ̀ gèlè àti léèsì má baà bàjẹ́ tí mo bá ń tún àwọ̀ ṣe. Orí inverter ni mo sì ń ṣiṣẹ́ lálẹ́.

Bàbá Ìbejì
Mú 5600G. Bọ́ọ̀dù AM4 tó ń gba Ryzen yìí ò wọ́n, tówó bá dé, wàá lè ki Ryzen 7 5800X sínú bọ́ọ̀dù kan náà. Ra RAM 8GB méjì, má ra 16GB ẹyọ kan, torí inú RAM ni gíráfíìsì rẹ̀ ti ń jẹun.

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà
Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ nípa bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ọmọ yìí ló yẹ kó pinnu, kì í ṣe GHz. Àbúrò mi, 4:2:2 10-bit tó o kọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Gíráfíìsì Vega inú 5600G ò lè tú HEVC (ọ̀nà kan tí kámẹ́rà ń gbà fún fídíò pọ̀ kó má baà tóbi) 4:2:2. Àwọn kọ́ọ̀ mẹ́fà yẹn ni yóò máa fi agbára tú u ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Gbé fídíò kámẹ́rà méjì sórí timeline (ibi tá a ti ń to fídíò nínú Premiere) pa pọ̀, wàá rí bí yóò ṣe máa fà. Inú UHD 730 tó wà lára i5-12400 ni Quick Sync wà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó tú irú fídíò bẹ́ẹ̀, Premiere Pro sì mọ̀ ọ́n lò. Káàdì Nvidia tó ṣáájú RTX 50 pàápàá ò lè ṣe é. Nítorí náà, tó o bá ra RTX 3060 lọ́dún tó ń bọ̀, Quick Sync yìí ṣì máa wúlò fún ẹ.

Ó máa ń dùn mí tí àwọn ọmọ wa bá ra ẹ̀rọ olówó gọbọi, tí wọ́n tún ń fi gbogbo òru ṣe proxy (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́, tó rọrùn láti gé), tí oníbàárà sì ń pè wọ́n láti àárọ̀.

Lórí kámẹ́rà, XAVC HS ni kó o yàn, òun ni HEVC. H.264, ọ̀nà fífún fídíò pọ̀ mìíràn, ni XAVC S, Quick Sync ò lè tú 4:2:2 tiẹ̀.

Oníkámẹ́rà Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an, mà. Wọ́n tún ní 12400F wà nílẹ̀, pé owó rẹ̀ kéré sí i. Ṣé kí n mú un?

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà
Rárá o! Kò sí gíráfíìsì nínú F yẹn, Quick Sync náà ò sí nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ wà ní fífín sára irin orí rẹ̀, fojú ara rẹ kà á: lẹ́tà kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé 12400. Kó o tó sanwó, ní kí wọ́n tò ó, kí wọ́n ki wáyà HDMI sẹ́yìn bọ́ọ̀dù gan-an. Tí àwòrán ò bá jáde, má mú un. Tí bọ́ọ̀dù bá jẹ́ tòkunbọ̀, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sójú ibi tí processor ń jókòó sí, kó o wò ó bóyá pín-ìn kankan ti tẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Mo gbà fún yín, Ìyá. Ti inverter ló kù: 65W yẹn kì í ṣe òpin o. 12400 lè fà tó 117W tó bá ń export (kó fídíò tó o ti gé jáde), 5600G ò ju 88W lọ. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló gbà kó o dín in kù sí 65W nínú BIOS (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bọ́ọ̀dù). Export á pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bátìrì ò ní tètè kú.