Ẹ̀yin tí eégbọn ti bù jẹ rí, nílé tàbí lókè òkun, ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Halifax
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ń gbé ní Nova Scotia, ní Kánádà. Ìyá òyìnbó tó múlé gbè wá sọ pé nígbà èwe òun, orí koríko lòun ń yí gbirigbiri láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń tú ọmọ wò nítorí eégbọn. Nísinsìnyí, bí ọmọ bá ti ọgbà wọlé, títú là ń tú u bí ẹni ń tú ajá. Wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ ló gbé eégbọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹfà, ọkọ mi gé koríko ẹ̀yìnkùlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ibà fi dé. Orí ń fọ́ ọ, ọrùn gan, ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. A lọ rí dókítà. Ó ní ṣé a rí òrùka pupa kankan lára rẹ̀? A wò, kò sí pupa. Ohun tó wà ní ẹ̀yìn itan rẹ̀ dúdú ni, bí ojú ibi tí èèyàn ti fara gbá. Wọ́n ní ìyẹn kọ́, wọ́n fún un ní paracetamol, a wá sílé. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti wú bí àgbọn, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́. Àwa rò pé làkúrègbé ni. Dókítà kejì ló ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì bá àrùn Lyme níbẹ̀, àrùn kan tí eégbọn ń kó ranni. Obìnrin yẹn ló là wá lọ́yẹ̀ pé òrùka pupa tó jẹ́ àmì àrùn náà nínú gbogbo àwòrán wọn, ara òyìnbó ni wọ́n ti yà á. Lára tiwa, ó lè dúdú, ó lè rí bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti kú sí. Oṣù méjì gbáko ló lọ lásán nítorí àwọ̀ ara!

Ta ló tún ti rí irú rẹ̀?

Délé Peckham
Mo kọ́kọ́ ka àkọlé yìí sí "ẹ̀gbọ́n". Mo ní irú ẹ̀gbọ́n wo ló ń bu èèyàn jẹ! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé orúnkún bàbá ti wálẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Halifax
Ó ti wálẹ̀, a dúpẹ́. Ọjọ́ 28 ló fi lo doxycycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Àmọ́ bó bá jókòó pẹ́, ó ṣì ń di nǹkan mú kó tó dìde.

Ọmọ Àkẹ́ (Connecticut)
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ gbé e síta. Tèmi kì í ṣe orúnkún, ojú ni. Mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ yọ ẹnu, omi ń dà jáde lápá òsì. Ojú òsì ò pa dé mọ́. Mo pe màmá mi ní Abẹ́òkúta lórí fídíò, igbe ta. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ti dárúkọ èèyàn mẹ́ta nínú ẹbí tó ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbààwẹ̀ kí n tó dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé mo máa ń rìn nínú igbó? Mo ní gbogbo Sátidé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Lyme ni. Ojú ti padà sípò báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó bàbá mi méjì ò tíì dárí ji màmá mi.

Abọ́sẹ̀dé
Àwọn ìyàwó bàbá yín jàre o.

Ìránṣẹ́ Olúwa Sámúẹ́lì
Ẹ má fi ààwẹ̀ ṣẹ̀sín. Ta ló mọ ohun tí ààwẹ̀ yẹn dènà?

Ọmọ Àkẹ́ (Connecticut)
Bùrọ̀dá, mi ò fi ṣẹ̀sín, mo ṣì ń gbààwẹ̀ dòní. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo lè gbàdúrà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn dùn mí.

Túnjí Mọ́kọ́lá
Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, àmọ́ ẹ̀rù òyìnbó ti wọ̀ yín lára. Ta ni nínú wa ni kò já eégbọn lára ajá rí? A ó kó wọn sínú agolo kẹrosíìnì, èyí tó bá yó a ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ̀jẹ̀ á ta sí wa lára. Kí ló ṣe wá?

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́
Ẹ̀gbọ́n Túnjí, ẹ má tẹ eégbọn fọ́ mọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Eégbọn ajá Mọ́kọ́lá àti èyí tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú tó ń gbé Lyme, Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Kékeré rẹ̀ ló burú jù, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, oṣù karùn-ún sí ìkeje ló ń dààmú èèyàn. Tiwa nílé náà ní wàhálà tirẹ̀. Ibà Crimean-Congo wà, tó ń mú àwọn alápatà àti darandaran láti ara eégbọn àti ẹ̀jẹ̀ màlúù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ sọ ni kí ẹ dì mú. Wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: àwa aláwọ̀ dúdú, ìgbà tó bá ti wọ oríkèé tàbí iṣan ni wọ́n sábà máa ń rí i lára wa. Ẹ má wá pupa. Ẹ wá ohun tó ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, ì báà dúdú, ì báà dà bí ẹ̀jẹ̀ tó kú. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní rí nǹkan kan.

Túnjí Mọ́kọ́lá
Ó yé mi. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní ìyípadà ojú ọjọ́ yìí ni mi ò gbà. Bó bá jẹ́ ooru ni eégbọn ń fẹ́, ṣebí Sókótó ni ì bá jẹ́ olú ìlú eégbọn láyé.

Tíṣà Báyọ̀
Ìbéèrè gidi lẹ bi, ẹ̀gbọ́n. Eégbọn ò fẹ́ ooru gbígbẹ, ó ń pa á. Ọ̀rinrin ló fẹ́, abẹ́ ewé tó ti jábọ́ nínú igbó. Ẹ wò ó báyìí: eégbọn yìí ń lo ọdún méjì sí mẹ́ta láyé, ìgbà mẹ́ta péré ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìgbà kan sí èkejì, ó ní láti rí ooru tó pọ̀ tó kó lè bọ́ awọ. Ní Kánádà àtijọ́, ìgbà ooru wọn (sọ́mà) kúrú jù, kì í rí i parí. Àwọn ẹyẹ tó ń ṣí lọ sókè ti ń gbé e dé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó kàn ń kú ni. Ohun tó yí padà ni pé bó bá já bọ́ láti ara ẹyẹ lónìí, ó ń yè, ó sì ń bímọ. Bí ojú ọjọ́ bá sì ti ju nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí Celsius lọ, àgbà rẹ̀ á jáde wá ẹ̀jẹ̀, kódà nínú oṣù kìíní. Ní 2009 tí Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àrùn yìí jákèjádò orílẹ̀-èdè, èèyàn 144 ni wọ́n rí. Ní 2021, ó di 3,147.

Ọmọ Àkẹ́ (Connecticut)
Tíṣà, àgbọ̀nrín ńkọ́? Ládùúgbò mi, wọ́n ń rìn kiri bí ewúrẹ́ Ìtòkú. Ìlú Lyme gan-an kò jìnnà síbi, 1975 ni wọ́n ti rí àwọn ọmọdé tí oríkèé wọn ń wú níbẹ̀. Ṣé ooru ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn?

Tíṣà Báyọ̀
Ẹ gba iwájú mi. Oko tí wọ́n pa tì di igbó, àgbọ̀nrín padà wá, èèyàn wá kọ́lé sáàárín wọn. Ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Mi ò ní sọ pé ojú ọjọ́ nìkan ló dá a sílẹ̀. Àmọ́ tí a bá ń bi ohun tó gbé e dé Halifax, ojú ọjọ́ ni mo ń nawọ́ sí. Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru àgbọ̀nrín. Oúnjẹ àti ọkọ̀ lásán ni àgbọ̀nrín jẹ́ fún eégbọn, ara eku ló ti ń kó kòkòrò àrùn náà.

Délé Peckham
Àgbọ̀nrín pọ̀ ní Richmond Park tiwa ní London níbí, eégbọn náà wà ńbẹ̀. Mi ò jókòó sórí koríko wọn mọ́.

Bàbá Olóko Ìsẹ́yìn
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò sí lókè òkun, ọmọ mi ló fi èyí hàn mí. Màlúù mọ́kàndínlógún ni mo ní, mẹ́rìndínlógún ló kù. Láyé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bí òjò bá dá, eégbọn á dín kù. Ọyẹ́ á mú dáadáa, ara ẹran á mọ́. Ọyẹ́ ọ̀hún ò wá pẹ́ mọ́, òjò ń rọ̀ nígbà tí kò yẹ kó rọ̀, eégbọn ò sì mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Èyí tó tún wá burú ni kékeré kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. A fọ́n oògùn títí, kò mira. Ìtọ̀ màlúù mẹ́ta pọ́n bí sóbò, ọ̀kan nínú wọn lóyún, wọ́n kú láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Dókítà ẹranko wá, ó ní Éṣíà ni eégbọn yẹn ti ṣẹ̀ wá, pé màlúù tí wọ́n kó láti Brazil wá sí ilẹ̀ Benin ti Kútọnu wà lára ohun tó gbé e dé agbègbè wa, ó wá ń gba ìlú sí ìlú. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó lé ní 2,000. Ara màlúù kan náà ló ń gbé láti kékeré títí á fi dàgbà, kì í bọ́ sílẹ̀ títí á fi yó.

Abọ́sẹ̀dé
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Àwọn tó ń da màlúù bọ̀ láti òkè ọya ló kó o ba yín, kò sí iyè méjì.

Bàbá Olóko Ìsẹ́yìn
Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́ di ìjà. Koríko ń tán lọ́dọ̀ wọn. Màlúù ń tẹ̀lé koríko, eégbọn ń tẹ̀lé màlúù. Ẹni tí mo ra èyí tó kó o wá lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ìlú mi ni. Mo rí ẹran olówó pọ́ọ́kú, mi ò gbé ìrù rẹ̀ sókè wò. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ẹlẹ́ran Virginia
Ẹ gbọ́ tèmi náà. Eégbọn gba ẹran lẹ́nu mi.

Ìkómọ la lọ. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni mo jẹ ẹran ewúrẹ́ àti ṣàkì. Agogo kan òru, ara mi ń yún láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ètè mi wú, èémí ń há. Wọ́n sáré gbé mi lọ. Mo fẹ̀sùn kan ẹni tó se oúnjẹ, mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ìgbà kẹta tó ṣẹlẹ̀ ni dókítà kan bi mí bóyá eégbọn ti bù mí jẹ rí. Mo ní kí ni eégbọn ní í ṣe pẹ̀lú ewúrẹ́? Alpha-gal ni wọ́n pè é. Ṣúgà kan ni, ó wà lára ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú. Eégbọn tó ní àmì funfun kan lẹ́yìn ló kọ́ ara mi láti máa bá a jà.

Abọ́sẹ̀dé
Pọ̀nmọ́ ńkọ́?

Ẹlẹ́ran Virginia
Pọ̀nmọ́ náà.

Abọ́sẹ̀dé
Yéè!

Délé Peckham
Pọ̀nmọ́ kì í kúkú ṣe ẹran.

Túnjí Mọ́kọ́lá
Kí ló wá jẹ́? Ewé? Ara màlúù ni wọ́n ti bó o, ẹran ni.

Délé Peckham
Awọ ni. Ẹ bi alápatà kankan ní Bódìjà, kò ní kà á mọ́ ẹran.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́
Ohun yòówù tí ẹ bá pè é, ẹni tí alpha-gal bá mú kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ìgbín, ẹja, adìẹ, tòlótòló ò ní wàhálà. Wàrà máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu. Ní 2023, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé iye èèyàn tó ti mú níbẹ̀ láti 2010 lè tó 450,000, ọ̀pọ̀ dókítà ni kò sì mọ̀ ọ́n. Ìhà gúúsù ni eégbọn yẹn pọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ó ti dé Massachusetts báyìí. Bí ara bá yún yín lóru lẹ́yìn àsun, ẹ má kàn dá a lẹ́bi ata.

Ẹlẹ́ran Virginia
Wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń fi pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fura. Ẹ gbàdúrà fún mi, ọdún Iléyá ń bọ̀.

Ìyá Tòmíwà (Ottawa)
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Mo ka èyí tán ni mo lọ tú ọmọ mi wò. Ọ̀kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ti fẹnu gún un. Ìyá mi ní kí n fi epo pupa pa á.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́
Má fi epo pa á, má fi iná kàn án, má da kẹrosíìnì sí i. Mú ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ irun ojú, gbá a mú níbi tó súnmọ́ awọ jù, fà á sókè tààrà, má yí i. Fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀. Fi eégbọn náà sínú ike, kọ ọjọ́ òní sí i. Ìgbà wo ni ọmọ náà wà níta gbẹ̀yìn?

Ìyá Tòmíwà (Ottawa)
Àná ọ̀sán ni wọ́n lọ sí ọgbà.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́
Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì pẹ́ tó láti kó o ràn án. Ṣùgbọ́n pe dókítà lónìí, má dúró dọ̀la. Oògùn ìdènà kan wà tí wọ́n lè fúnni láàárín wákàtí 72. Ya fọ́tò ibẹ̀ lójoojúmọ́, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Àbẹ̀kẹ́ Halifax
Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa pupa, sọ fún wọn pé ọmọ dúdú ni o bí.

Ìyá Tòmíwà (Ottawa)
Mo ti yọ ọ́. Kò ju kóró ata lọ. Ó ṣì ń ta ẹsẹ̀ nínú ike. Mo ń pè wọ́n báyìí.