Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà nídàálẹ̀, kí lojú yín rí tí ẹ kò lè sọ fún ará ilé?

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè
Ẹ kú àsìkò yìí o. Iṣẹ́ saikọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà èèyàn, ni mo kọ́. Láti Tákíè níbí ni mo ti ń bá àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe dé ìdí ẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ló fà á. Tàmálè ní Gánà ni wọ́n ti ń ta aṣọ nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Ìgbà tí a gbọ́njú, ìyá yìí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Ará ilé ní wọ́n ti ṣe wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè pé kí lojú yín rí. Ìgbà tí mo kàwé dé Ìbàdàn ni mo tó mọ̀ pé ohun tó ṣe wọ́n ní ìtọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan nílùú Òyìnbó, mo rí àwọn ọmọ wa tó ń sunkún, tí fóònù á dún, tí wọ́n á nujú, tí wọ́n á ní, "Màámi, kò sí wàhálà o." Mo ní n ó gbájú mọ́ wọn. Ẹ sọ tiyín.

Àlàó Aberdeen
Tèmi lẹ sọ yẹn. Tó bá ti di oṣù Kejìlá ní Scotland níbí, ilẹ̀ á ti ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òkùnkùn ni mo fi ń jáde lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn ni mo fi ń wọlé. Oúnjẹ ò wù mí, tí mo bá sùn mi ò fẹ́ jí. Ìyá mi ń gbààwẹ̀ kiri.

Ọmọ Ajílété
Ilẹ̀ tó tètè ṣú ló ń da ọkùnrin láàmú? Ṣé àwa ò mọ òkùnkùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni? Ẹ bi àwọn oníná wò.

Rẹ̀mílẹ́kún
@Ọmọ Ajílété tí iná bá lọ ní Òkèlérin, gbogbo agboolé á jáde síta, wọn á máa tàkúrọ̀sọ. Àlàó nìkan ló wà nínú yàrá tirẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè
Ọ̀rọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún ni mo kín lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ti òkùnkùn náà kì í ṣe eré o. Láti 1984 ni dókítà Rosenthal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń dé pẹ̀lú òtútù, tó sì ń lọ tí oòrùn bá padà. Iná tó mọ́lẹ̀ gan-an tí èèyàn ń jókòó sí iwájú rẹ̀ láàárọ̀ wà lára ìtọ́jú rẹ̀. Àlàó, sọ fún GP rẹ, dókítà àdúgbò rẹ, bí o ṣe sọ ọ́ fún wa yìí.

Ìyá Ìbejì UK
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ má bínú tó bá gùn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá dé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni fisà mi so mọ́. Tí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n ń fúnni láti wá òmíràn, kéèyàn má baà padà sílé. Torí náà, ohunkóhun tí ọ̀gá bá fojú mi rí, n ó ní "yes ma." Kí n tó wá, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ dání, owó ò tíì pé, àfi bí òfin ṣe dé ní oṣù Kẹta 2024 pé àwa oníṣẹ́ ìtọ́jú tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ kó ọkọ àti ọmọ wọlé mọ́. Òfin yẹn ká mi mọ́ torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wọlé. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni Táyé àti Kẹ́hìndé wà. Lọ́jọ́ kan mo pè wọ́n lórí fídíò, Kẹ́hìndé gbé fóònù, ó kígbe pe ìyá mi: "Màmá, àǹtí yẹn tún ti pè!" Mo ṣe iṣẹ́ mi parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é.

Rẹ̀mílẹ́kún
Àǹtí kẹ̀! Yéè.

Bọ́lá Dublin
Mo gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo ka èyí.

Ìyá Akẹ̀sán
Ọ̀yọ́ ni mo wà, èmi náà ń tọ́ ọmọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì, ọmọ ò kọ̀ ọ́ o. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ fún un, a ó jọ kí i "ẹ káàárọ̀, màámi" ká tó jẹun. Sọ fún ìyá rẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé tí ọmọ mi bá pè, owó ni àwọn àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ ń béèrè. Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ owó létí mi títí yóò fi sọ bó ṣe sùn.

Ọmọ Ajílété
Màmá, ẹ forí jì wá, ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń gbé fọ́tò sí Facebook. Àwọn bàbá wa tó lọ sí Gánà fowó ránṣẹ́, wọn ò ráhùn.

Ọmọ Ogíyán
Bàbá ta ló lọ sí Gánà? Èjìgbò ló ni àjò. Ẹ lọ sí Abidjan kẹ́ ẹ wo iye wa.

Ọmọ Ajílété
Abidjan yàtọ̀, Gánà yàtọ̀. Ti Tàmálè, Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

Bọ́lá Dublin
Àwọn ará Ọ̀fà àti Ṣakí ń kà yín o. Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè
Wọn ò ráhùn létí wa ni. Ìyá àgbà mi náà ò ráhùn.

Adìgún
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má bínú. Èmi mọ̀ pé Àrò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá dàrú lọ. Kí ni ọ̀rọ̀ orí fóònù lè ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè
Ìbéèrè tó dáa. Èmi kì í fúnni lóògùn, ẹni tó nílò oògùn, dókítà ọpọlọ níbi tó wà ni mo ń darí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Àrò tí ẹ dárúkọ yẹn, ẹ mọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ṣe níbẹ̀ láti 1954? Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú ẹbí kan tó ń bá wọn gbé. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mò ń lò. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ẹni tó bá pè mí ni pé: níbi tó o wà yẹn, ta ló lè wá kan ilẹ̀kùn rẹ láìjẹ́ pé o ránṣẹ́ pè é? Ọ̀pọ̀ ni ò rí ẹni kan dárúkọ. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Adìgún
Ó yé mi. Ẹ ṣeun.

Ṣadé Arọ́wọ́mọlẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi wà ní Regina ní Kánádà. Kì í gbé ìpè mọ́. Ó kọ ọ́ sí mi lórí Wàtsáàpù pé òun ò rí ìdí tí òun fi ń jí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò tíì sọ fún bàbá wa.

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè
Ṣadé, má dúró dọ̀la. Bi í tààrà bóyá ó ń ro láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó máa ń jẹ́ kí ọkàn fúyẹ́ ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ro irú èrò yẹn, tàbí kó kọ̀wé ránṣẹ́ sí i, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e ní Kánádà láti òpin 2023. Tó bá ti fẹ́ ṣe é lójú ẹsẹ̀, 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni. Má wàásù fún un, má sì sọ pé àwọn kan ò rí ibi tó dé.

Ṣadé Arọ́wọ́mọlẹ̀
Aago mélòó ni kí n pè é? Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe.

Bọ́lá Dublin
Wákàtí méje ni Nàìjíríà fi ṣáájú wọn, wọn kì í yí aago níbẹ̀. Àmọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, jí i lójú oorun. Ọmọ ìjọ wa kan wà ní Regina, ṣé kí n ní kó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Tákíè
Bẹ́ẹ̀ ni, lónìí. Kó dá lọ, kó gbé oúnjẹ dání, kó má kó èrò lẹ́yìn. Ṣadé, fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí Bọ́lá ní ìkọ̀kọ̀, má kọ ọ́ síbí.